Òfìfo ni mo gbé, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró

"Ṣé atẹ́gùn lásán-làsàn ló dá ẹ dúró?"

Ohun tí dispatcher wa, ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún àwa tá à ń wa tírélà, sọ fún mi lánàá nìyẹn, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, inú ọ́fíìsì tó móoru ló sì jókòó sí o. Èmi wà ní Laramie, ní Wyoming, l'Amẹ́ríkà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ I-80. Mo ti kọ orí ọkọ̀ síbi tí ẹ̀fúùfù ti ń bọ̀, síbẹ̀ ibùsùn ẹ̀yìn àga mi ń mì jìgìjìgì bí ẹni wà lójú òkun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tírélà níbí mọ Arlington àti Elk Mountain, lójú ọ̀nà láti Laramie sí Rawlins. Pátákó iná ti kọ ọ́ gàdàgbà pé atẹ́gùn ń fẹ́ ju máìlì 65 ní wákàtí kan lọ, kí ọkọ̀ gíga tó fúyẹ́ má kọjá. Ọ̀gá dispatcher yìí ní ṣebí òfìfo ni mo gbé, kí ló wúwo níbẹ̀? Òfìfo yẹn gan-an ni ikú! Èyí tó kún dé pọ́ùn 80,000, ilẹ̀ ló dì mú. Èyí tí ò ní nǹkan nínú, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 53, ìgbòkun ni. Ẹ máa wá ní kí n rọra máa lọ. Ẹ̀gbẹ́ latẹ́gùn ti ń gbá mi, kò bèèrè iye tí mò ń sá.

Mo ti tọ́ ọ wò lọ́dún tó kọjá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lábẹ́ afárá tó ń ṣíji bò mí ni, ló bá gbá mi, gbàù! Mo wo dígí: àwọn táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti gbéra nílẹ̀, mò ń rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ wọn. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti padà balẹ̀. Mi ò rántí àdúrà kankan, "Yéè, ìyá mi!" nìkan ló jáde.

Òfin wà o. Láti 2016 ni wọ́n ti kà á léèwọ̀ kí ọ̀gá máa fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ dírẹ́bà kó lè rú òfin ààbò. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá mi bi í tí ẹrù tó lówó lórí ò bá kàn mí mọ́?

Bọ̀ọ̀dá kan tá a jọ jẹun ní Laramie lánàá, ọmọ Ìbàdàn, òun náà gbé òfìfo. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ń lọ. Láago mẹ́rin ló pè mí láti Rawlins, ó ń jẹ adìyẹ díndín, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo dúpẹ́ pé ó débẹ̀. Inú sì ń bí mi pé ó débẹ̀.