Ẹ Tú Ilẹ̀kùn Yín Dání Wá

Mo ti búra tẹ́lẹ̀ pé n kò ní kọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àga elénìyàn mẹ́ta tí mo tà ní ọ̀sán Sátidé, tí mo tún bá lẹ́nu ọ̀nà mi ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kan náà, ti bá mi tú ìbúra náà.

Ẹni tó bá ti gbé àwòrán àlòkù àga sórí ayélujára rí ní Ìlọrin yìí mọ ohun tí ojú mi rí kí oníbàárà kan ṣoṣo tó fẹsẹ̀ rìn dé ilé mi ní Adéwọlé. Àwòrán wà níbẹ̀, iye owó wà lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ èèyàn 21 ló bi mí pé, "Ṣé ó ṣì wà?" Mo ní ó wà. Wọ́n dákẹ́, bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ mọ̀ láyé nìyẹn. Àwọn tí kò dákẹ́ ní, "Jálẹ̀ ńkọ́?" láìkí mi, láìbéèrè bóyá igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe é tàbí arère, bóyá fóòmù rẹ̀ ti tẹ́ tàbí ó ṣì dúró. Ọ̀kan tilẹ̀ ní ₦15,000 ló wà lọ́wọ́ òun, ati pé kí n fi rọ́ọ̀gì tó wà nílẹ̀ nínú àwòrán náà ṣe ènì. Orí rọ́ọ̀gì yẹn gan-an ni mo jókòó sí nígbà tí mò ń ka iṣẹ́ tó jẹ́ mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá rà á, bí ọmọlúàbí ló kọ́kọ́ ṣe. Ó kí mi dáadáa. Ó ń pè mí ní Àlàájà, ó ń pè mí ní ìyá òun, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan ní Òkè-Odò ni, ilẹ̀ lásán ni òun sì ń jókòó sí. ₦80,000 ni mo pè é. A ná an lórí fóònù títí ó fi di ₦65,000, a sì fẹnu kò. Ó dé, ó jókòó, ó fìdí jó lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ n san ₦50,000." Ṣé ẹ rí ìwà yìí? Ọjà tí a ti ná parí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀ lórí fóònù àwa méjèèjì, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n tún ti fẹ́ ná an láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún un ní ₦60,000 nítorí pé ooru ń mú mi, kì í ṣe nítorí àánú.

Kí ó tó gbé e, mo bi í pé ínǹṣì mélòó ni ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo ti kọ ìwọ̀n àga náà sínú ìpolówó: gígùn rẹ̀ 84, láti iwájú dé ẹ̀yìn 36, gíga rẹ̀ 34. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn yàrá kò ju 30 tàbí 32 lọ, nítorí náà kí ó tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ní ínǹṣì 5, kí gíga àga lè wá sí 29, kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ dálẹ̀ bí wọ́n bá ń gbé e wọlé. Sípánà wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo nà án sí i. Kò gbà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yóò wọlé, Àlàájà."

Ní agogo mẹ́wàá, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Àga mi ni mo rí tó fẹ̀gbẹ́ dúró lórí sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ kan ti kán, aṣọ ibi ìgbápálé ti fà ya, ọ̀dà funfun ara ògiri onílé onílé sì ti yí i lára. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ sọ tí ó fi ní, "Mádáàmù, kò wọlé. Ẹ dá owó mi padà, kí ẹ fi owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kún un." Mádáàmù! Ìyá tí mo jẹ́ fún un ní ọ̀sán ti jábọ́ láàárín Adéwọlé sí Òkè-Odò. Ó tún ní àga náà wúwo jù, pé ìyẹn ló jẹ́ kí awakọ̀ gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ òun. Ìrókò ni, kí ni ó fẹ́ kí n ṣe sí i? Bí ó bá jẹ́ arère ni, kòkòrò ìbá ti lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, òun náà ni ì bá sì kọ́kọ́ pariwo pé mo lu òun ní jìbìtì.

Àwọn aládùúgbò jáde, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, ọmọ ni. Ta ló ṣe sùúrù fún èmi nígbà tí mo ra tábìlì ìjẹun lọ́wọ́ obìnrin kan tó kọ "Ìlọrin" sábẹ́ ọjà rẹ̀, tó jẹ́ pé Ọ̀fà ni tábìlì wà, tí mo fi wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀? "Ìrókò pọ́ńbélé, tòkunbọ̀" ni ó kọ. Ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni. Omi tí a fi nu ilẹ̀ lọ́jọ́ kejì kàn án, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì inú tíì. Ṣé mo rù ú padà lọ fún un lóru? Bíríkì ni mo kì bọ abẹ́ rẹ̀, mo sì panu mọ́.

Àga náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọkùnrin náà ń pè mí ní àràárọ̀ nítorí owó rẹ̀, n kò sì tíì fún un ní kọ́bọ̀. Ní òwúrọ̀ yìí ni ẹlòmíràn tún kọ̀wé sí mi: "Ṣé ó ṣì wà?" Ó wà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó tú ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pẹ̀lú férémù, kí ó rù ú wá sí Adéwọlé, kí a gbé àga gba inú rẹ̀ kọjá níṣojú ẹlẹ́rìí mẹ́ta kí n tó gba owó. Owó ọkọ̀ ilẹ̀kùn náà, àlọ àti àbọ̀, kò kàn mí.