Ọmọ abúlé ni kí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìlera, ẹ yé kó àlejò lọ bá wọn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú, pàápàá àwa tá a jọ ń ṣe CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ará ìlú, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ mí lẹ́nu látàná tí wọ́n ti ń pín in kiri lórí WhatsApp pé ìjọba tún fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ìlera sí àwọn abúlé. Gbogbo gúrúùpù ń sọ pé àmín, èmi dákẹ́ ní tèmi. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á gba ọmọ tó ń gbé ìgboro, wọ́n á fún un ní lẹ́tà, á dé abúlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ní aago mọ́kànlá, tó bá fi máa di aago méjì ó ti ń wá ọ̀kadà tó máa gbé e padà. Ti Fráídè, ẹ má tiẹ̀ bi í. Ṣebí àwọn ará abúlé kì í ṣàìsàn ní Sátidé ni.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni o, èmi náà ti ṣe é rí. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ kò sí yàrá tí mo lè sùn, kò síná, owó oṣù tún ń fi oṣù mẹ́ta mẹ́ta falẹ̀, ta ló máa dúró síbẹ̀? Obìnrin kan rọbí lóru ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn wà ní títì, màmá agbẹ̀bí tó wà lábúlé ló bá wọn gbẹ̀bí, Ọlọ́run ṣe é tìyá tọmọ yè. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, màmá yẹn kàn wò mí, ó ní "Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀ o." Kò sọ nǹkan míì. Ó sàn kó bú mi.

Ibi tí mo máa ń rántí tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀ ni Alaska, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Ẹ má tíì sọ pé owó wà lọ́wọ́ tiwọn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Ọ̀pọ̀ abúlé ibẹ̀ ni mọ́tò ò lè dé, ọkọ̀ òfuurufú kékeré ni wọ́n ń wọ̀, àbí ọkọ̀ ojú omi, tí yìnyín bá dé wọ́n á gun ẹ̀rọ tó ń sáré lórí yìnyín, tójú ọjọ́ bá sì bàjẹ́ kò sẹ́ni tó ń wọlé kò sẹ́ni tó ń jáde. Láyé 1950s, TB, ìyẹn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń ṣọṣẹ́ gidi láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn Yup'ik, Iñupiaq, Athabascan àti àwọn yòókù, dókítà ò sì lè dúró lábúlé kọ̀ọ̀kan kó máa ka oògùn sí wọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Wọ́n wá mú ẹnì kan nínú ará abúlé, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n ní kó máa pín in. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ o, nígbà tó fi máa di 1968 ìjọba àpapọ̀ ti ń náwó lé e, títí dòní àwọn èèyàn yẹn ló ń tọ́jú abúlé.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ló wù mí jù. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń lọ kọ́ṣẹ́, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, níbi bíi Bethel, Nome àti Anchorage. Tó bá kọ́ ti àkọ́kọ́ tán ó ń padà sílé lọ fi tọ́jú èèyàn ni, lẹ́yìn náà ló máa wá kọ́ èyí tó kàn. Kò sí pé o kúrò nílé fún ọdún mẹ́ta, ìgboro ti mọ́ ẹ lára, o ò wá fẹ́ padà mọ́. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn tó ń sọ pé tí ọmọ bá ń wúkọ́, nǹkan báyìí ni kó o bi ìyá ẹ̀, ibi báyìí ni kó o wò, tó bá rí báyìí tètè pe dókítà. Àwa náà ní ìwé ìtọ́sọ́nà tiwa, Standing Orders, kò sí CHEW tí ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ mélòó nínú wa ló ṣì ń ṣí i tí aláìsàn bá jókòó síwájú ẹ̀?

Ti eyín ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 2003 wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ kan láti Alaska lọ sí New Zealand lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dí eyín àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, torí pé kò síléèwé tó ń kọ́ irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Wọ́n padà dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábúlé, ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín bá gbé wọn lọ sí kóòtù ní 2006 pé wọn kì í ṣe dókítà. Ìwọ ò lọ, o ò tún fẹ́ kẹ́lòmíì lọ! Ẹjọ́ yẹn ò dá wọn dúró ṣá, ní 2007 adájọ́ dá ẹgbẹ́ dókítà yẹn lẹ́bi.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ dùn bí oyin o. Ẹni tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀ lóru gbogbo ìgbà, tó jẹ́ pé ẹni tó ń kú lọ́wọ́ ẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àbí ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré, ó máa sú u. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fiṣẹ́ sílẹ̀. Tá a bá fẹ́ ṣe é nílé, ká tètè mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ò tó abúlé kan.

Ẹ má sì sọ pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà lọ máa gbé ní Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá. Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ìlera ní 1985, ìjọba ìbílẹ̀ 52 ló fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́dé. Ẹ wá wo sọ̀bìà. Nígbà tí wọ́n kà á láti abúlé dé abúlé lápá ìparí 1980s, ó lé ní 650,000 èèyàn tó ní in ní Nàìjíríà. 2008 la rí i gbẹ̀yìn, nígbà tó di 2013 àjọ WHO ní ó ti tán nílẹ̀ wa. Àwọn ará abúlé tí wọ́n kọ́ láti máa fi aṣọ sẹ́ omi, kí wọ́n di egbò, kí wọ́n kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, àwọn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí sọ̀bìà tó degbò, olúgànńbẹ là á ké sí, olúgànńbẹ tá à ń wí yìí, inú ilé tó kángun sí tiwa ló wà.

Wọ́n á ní ọmọ abúlé ò ní kírẹ́díìtì márùn-ún. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ò ní. Ẹ fún wọn ní lẹ́sìnnì ọdún kan nígbà náà, ó ṣì sàn ju kẹ́ ẹ máa sanwó oṣù fún ẹni tí kì í sí níbi iṣẹ́.

Màmá agbẹ̀bí ìjọ́sí ti di olóògbé. Mo gba abúlé yẹn kọjá lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ ẹ̀ ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà hẹ́lìtì sẹ́ńtà, òun ló wá ń bá wọn gbẹ̀bí báyìí. Ó bi mí pé èló ni wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù iléèwé wa. Mo sọ fún un. Ó ní "Ẹ ṣé, àǹtí," ó yí àkàrà tó wà lórí iná.