Yàrá Òṣèré Kì í Ṣe Ibi Oorun Lásán

Mo rí ìkéde kan tí wọ́n fi ń wá òṣèré fún eré orí ìtàgé. Rìhásà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, ìlú tí wọ́n sì ti fẹ́ ṣe é, àlejò ni gbogbo àwọn tí wọ́n ń wá máa jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa pèsè ibùgbé. Ibùgbé wo? Òṣèré mẹ́rin nínú yàrá kan. Nígbà tí ẹnìkan béèrè pé ṣé kò ní há jù, èsì tó gbà ni pé wọ́n kúkú máa sùn níbẹ̀ ni, gbọ̀ngàn rìhásà niṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, torí ẹni tó sọ ọ́ kò mọ ibi tí eré ti ń jinná.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ná. Wọn kò tíì kan ògiri tàbí ilẹ̀kùn eré nígbà yẹn, nítorí náà máníjà ìtàgé á lẹ téèpù mọ́lẹ̀: ibí ni ògiri, ibí ni ẹnu ọ̀nà, ibí ni àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìran bá ju ẹyọ kan lọ, ìran kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ téèpù tirẹ̀. Orí ilà yìí ni olùdarí ti máa ń to àwọn òṣèré: ìwọ wọlé láti apá òsì, gba ẹ̀yìn àga kọjá, má tíì wo ojú ẹnì kejì títí ó fi máa dárúkọ ọmọ náà. Apá òsì òṣèré tó kọjú sí òǹwòran ni wọ́n ń wí o, kì í ṣe ti òǹwòran. Òṣèré á kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé òfìfo tó kọjú sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé eré. Pẹ́ńsù ló máa fi kọ ọ́, kì í ṣe bíírò, torí ó ṣeé ṣe kí olùdarí yí i padà lọ́la. Iṣẹ́ gbọ̀ngàn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń há ọ̀rọ̀ sórí níbẹ̀; bí òṣèré méje bá dúró de ẹnìkan tó ń wá gbólóhùn kiri, àkókò gbogbo wọn ló ń ṣòfò.

Alẹ́, nínú yàrá, ni wọ́n ti ń há a. Òṣèré á fi páálí bo ọ̀rọ̀ tirẹ̀, á ka gbólóhùn tí ẹnì kejì fi parí, á sọ tirẹ̀ jáde, á wá sún páálí wálẹ̀ láti wò ó bóyá ó gbà á. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta. Ojú máa ń tan èèyàn: o kà á lẹ́ẹ̀mẹta, o rò pé o ti mọ̀ ọ́n, àfìgbà tí ẹnu bá là tí nǹkan kan kò jáde. Kì í sì í ṣe bí ọmọ iléèwé ṣe ń há tábù ìṣirò ni òṣèré ń ṣe é. Helga Noice, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ọkọ rẹ̀ Tony Noice tó jẹ́ òṣèré àti olùdarí, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí bí àwọn òṣèré ṣe ń rántí ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni òṣèré máa ń wá nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ á sì tẹ̀lé e. Wọ́n tún rí i pé ọ̀rọ̀ tí òṣèré sọ nígbà tó ń rìn lórí ìtàgé máa ń dúró sí i lórí ju èyí tó sọ lójú kan lọ.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ẹ bá mi wá ibi tí èèyàn ti máa rin ìgbésẹ̀ márùn-ún nínú yàrá tí ibùsùn mẹ́rin wà. Òṣèré á kàn dùbúlẹ̀ ni, á gbé ìwé sójú, á máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kó má baà jí àwọn tó kù. Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ní kó dìde, kó gbé àga, kó yí padà, kó sọ̀rọ̀. Ó dé ìdajì, ọ̀rọ̀ fò lọ. Orí ibùsùn ló ti há a, ara rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ wo ló bá ìgbésẹ̀ wo lọ. Olùdarí á ní ọ̀lẹ ni. Èyí tó tún burú jù ni pé wúyẹ́wúyẹ́ alaalẹ́ yẹn máa ń di orin sí i lẹ́nu. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí olùdarí bá ní kó fi ìbínú sọ ọ́, orin àná ló tún máa jáde, kí orin yẹn sì tó kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó máa ń pẹ́ ju kó há ọ̀rọ̀ tuntun lọ.

Oorun wá ńkọ́? Ohun tí èèyàn há kó tó sùn, ìgbà tó bá sùn ni ọpọlọ máa ń tò ó jọ. Nínú ẹni mẹ́rin, ẹnìkan fẹ́ kí iná wà ní títàn, ẹnìkan ń hanrun, ẹnìkan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù torí òun náà filé sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lọ́jọ́ Ajé, yàrá náà lódindi lè máa wúkọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, eré ẹni mẹ́jọ sì ti pàdánù ohùn mẹ́rin.

Gbogbo èyí ṣì kéré títí wọ́n á fi wọ ilé eré gan-an lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Níbẹ̀, wákàtí 10 sí 12 lóòjọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun. Òṣèré á dúró sójú kan kí wọ́n lè to iná sí i lórí, wọ́n á ní kó fo ojú ewé méjì, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iná ti máa yí padà, kó tún un ṣe, kó tún un ṣe. Ẹsẹ̀ á máa ro ó, pàápàá bí kò bá tíì fi bàtà eré náà rìn látọ̀sẹ̀ kìíní. (Bàtà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún òṣèré kó tó kan aṣọ.) Ẹni tí kò rí oorun sùn lálẹ́ àná ni ẹ fẹ́ kó rántí gbogbo èyí.

Àwọn kan máa ní owó kò sí. Wọ́n máa ń rí owó iná, wọ́n máa ń rí owó aṣọ. Kí òṣèré tó buwọ́ lùwé, kó béèrè: ẹni mélòó ló máa wà nínú yàrá, ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó jìnnà sí gbọ̀ngàn débi pé kò ní sí ọkọ̀ bí rìhásà bá parí lálẹ́, ta ló sì máa san owó ọkọ̀ yẹn. Èyí tí wọn kò bá kọ sínú àdéhùn, kó má gbára lé e.

Ibì kan ṣì wà tó ń rú mi lójú. Òṣèré tó dá wà nínú yàrá kò ní ẹni tó máa bá a ka ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Ó lè gbà á sínú fóònù, kó fi àlàfo sílẹ̀ fún tirẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù kì í dúró deni, bó ṣe sọ ọ́ lánàá náà ló máa sọ ọ́ lónìí. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń kojú ara wọn nínú eré, tí wọ́n sì jọ ń gbé, lè tún ìran kan ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó sùn, ó sì máa hàn láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ìlú àjèjì láìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀ àfi ọ̀rọ̀ inú ìwé, ìyẹn náà ń jẹ èèyàn níyà. Yàrá méjì tó ṣí sí pálọ̀ kan, ẹnìkan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo rò pé ó dáa jù. Bó bá wá jẹ́ pé wọn kò rí ìyẹn, ṣé kí ẹni méjì jọ wà nínú yàrá kan nítòsí gbọ̀ngàn ni, àbí kí oníkálukú dá gbé níbi tó jìnnà? Ẹni mẹ́rin ni mi ò ní gbà láé. Láàárín ẹnìkan àti ẹni méjì, mi ò tíì lè sọ.