Mi ò ní gba owó ìtanràn Yorùbá lọ́wọ́ ọmọ kankan

Ìyá ọmọ kan tí mò ń kọ́ bá mi nídìí ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́. Ó ní, "Àǹtí tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní ẹ kì í bá àwọn wí, ẹ kì í sì í gba owó ìtanràn, tí àwọn bá sọ Yorùbá ní kíláàsì yín. Gẹ̀ẹ́sì ṣáà lẹ ń kọ́ wọn, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti kó owó iléèwé ọmọ rẹ̀ jẹ. Ibi tí wọ́n ti ń ná ẹ̀fọ́ kọ́ là ti ń ṣàlàyé irú ìyẹn, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Èmi náà ní òfin o. Ẹni tó bá pẹ́ dé á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí màá fi parí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Díkíṣọ́nárì kan fún ẹni méjì ti tó, mo mọ bí ọjà ṣe rí. Àròkọ sì gbọ́dọ̀ ti orí ọmọ wá.

Ọmọ SS2 kan kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nítorí ọ̀nà àdúgbò wọn tó bàjẹ́. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ń dán gbinrin, àmọ́ kò sí kòtò kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo ti mọ̀ pé fóònù ló bá a kọ ọ́. Mo pè é, mo ní kó fi Yorùbá sọ fún mi ohun tí ọ̀nà yẹn ń fojú wọn rí tí òjò bá rọ̀. Ló bá ní ìyá òun máa ń bọ́ bàtà sọ́wọ́, á gbé igbá ọjà lérí, á wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí á fi dé ibi tí ọ̀kadà lè dúró sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, lẹ́tà nìyẹn! Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ló kù ká jọ wá.

Bí WAEC náà ṣe ń máàkì nìyẹn. 50 ni wọ́n fi sórí àròkọ: 10 fún ohun tí ọmọ ní í sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bó ṣe lo èdè, 10 tó kù fún sípẹ́lì àti gírámà, ìdajì máàkì ni wọ́n sì ń yọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù àṣìṣe nìkan á kọ ìlà mẹ́ta, á dákẹ́. Ọ̀rọ̀ 450 ni wọ́n sì ń béèrè.

Àwọn àṣìṣe yẹn gan-an, Yorùbá ni mo fi ń tú wọn. "Ó" kan náà la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin, ni ọmọ bá kọ "my mother, he". Òmíràn á kọ "my father, they are coming", ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, kò lè pe bàbá rẹ̀ ní ẹnì kan ṣoṣo. Tí mo bá ti fi ibi tó ti wá hàn wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn kì í sì í tètè ṣe àṣìṣe yẹn mọ́. Ìtanràn náírà mélòó ló lè ṣe ìyẹn?

Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé pákó kọ́ mi lọ́rùn nítorí mo fi Yorùbá tọrọ írésà. Mi ò nawọ́ sókè mọ́ ní kíláàsì yẹn títí ọdún fi parí.

Kì í sì í ṣe èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ fífi Yorùbá kọ́ ọmọ. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn ti ẹgbẹ́ wọn.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ní tí a bá gbà wọ́n láyè, ẹnu wọn ò ní yọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tèmi tọmọ. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ kan á júwe rẹ̀ yíká. Ẹnì kankan ò sì gbọdọ̀ fi ẹnì kejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ì báà jẹ́ ohùn Ìdànrè ló fi sọ ọ́, ì báà jẹ́ ti Ìlàjẹ. Òfin yìí nìkan ni wọ́n ti rí ìbínú mi lórí rẹ̀.

Màmá, tí ẹ bá rí èyí kà, ẹ dákun ẹ bá mi wo àpò ọmọ yín. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ní òun gbàgbé ìwé sílé.