Kò sí 666 nínú bákóòdù

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri orí WhatsApp pé nọ́ńbà ẹranko inú ìwé Ìfihàn, 666, wà nínú gbogbo bákóòdù, ìyẹn àwọn ìlà dúdú ara ọjà tí ẹ̀rọ máa ń kà. Wọ́n ní ìlà méjì-méjì tó gùn ju ìyókù lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí, 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Irọ́ ni, ó sì dùn mí pé ó ń kó àyà àwọn onígbàgbọ́ sókè lásán.

Ẹ jẹ́ ká pe fífẹ̀ ìlà tó tín-ín-rín jù ní ìwọ̀n kan. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n 7, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Tí 6 bá wà lápá ọ̀tún bákóòdù, ìlà tín-ín-rín méjì ni, àlàfo funfun tó fẹ̀ tó ìwọ̀n 4 á sì tẹ̀ lé e. Àwọn ìlà gígùn yẹn kò ní àlàfo yìí: ìwọ̀n 3 péré ni tìbẹ̀rẹ̀ àti tìparí, tàárín jẹ́ 5. Ẹ̀rọ kò kà wọ́n sí nọ́ńbà kankan. Ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, àti bí ìwọ̀n kan ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń fi han ẹ̀rọ.

George Laurer, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ló ṣètò ìlà wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1974, ní ilé ìtajà Marsh nílùú Troy, ìpínlẹ̀ Ohio, ni ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ ka irú bákóòdù yìí lára ọjà títà, ìyẹn páálí ṣingọ́ọ̀mù Wrigley. Laurer fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ìfarajọra lásán ni ti àwọn ìlà gígùn yẹn àti 6.