Ẹ Má Bá Mi Pe Ajá Mi Ní Bíńgò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú alẹ́ o. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ bá àgbàlagbà fa ọ̀rọ̀, ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Lánńlọ́ọ̀dù wa yọ sí mi lánàá, bẹ́ẹ̀ owó ilé kò tíì tó san. Ó jókòó. Ó mu omi. Ó béèrè ọjà, ó béèrè ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ó ku ọdún mélòó kó parí. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn béèrè mọ́, ó ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Ìyá aláṣọ, ọ̀rọ̀ ajá yín yìí ló gbé mi wá."

Àyà mi já. Mo rò pé ó ti bu ọmọ ẹnì kan jẹ. Ojú mi ti ń wá ibi tí mo tọ́jú káàdì àjẹsára rẹ̀ sí.

"Rárá o, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Orúkọ rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n bá yín sọ ọ́, kí ẹ yí i padà."

"Kí n yí orúkọ ajá padà?"

"Ẹ ṣáà máa pè é ní Bíńgò. Bíńgò ò bá ẹnikẹ́ni wí."

Bíńgò! Gbogbo ajá tó wà láti Òwòdé títí dé Akẹ̀sán, Bíńgò ni. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ pariwo "Bíńgò" lẹ́ẹ̀kan péré, ajá méje á yọjú sí yín, ewúrẹ́ kan á sì tẹ̀ lé wọn. Orúkọ wo nìyẹn? Ta ló sọ ọ́? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀mí-ń-bẹ ni ajá mi ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ látìgbà iná Akẹ̀sán mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Fún ẹ̀yin tuntun: ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ni iná jó ọjà Akẹ̀sán tó wà lẹ́bàá ààfin Ọ̀yọ́. Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ti di eérú. Léèsì, àǹkárá, aṣọ ẹbí tí àwọn èèyàn ti san àsansílẹ̀ lé lórí, gbogbo rẹ̀ lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mi, tí wọ́n ṣì wà láyé nígbà náà, dúró tì mí. Wọ́n ò sọkún. Wọ́n kàn ń wí ṣáá pé, "Ẹ̀mí ń bẹ. Ẹ̀mí ń bẹ, ọmọ mi." Kí n má purọ́, inú bí mi sí wọn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi sọkún ni. Wọ́n ti tún ọjà kọ́, mo ti padà sídìí àǹkárá mi, màmá mi sì ti lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kù sí mi lọ́wọ́.

Ìparí ọdún yẹn kan náà ni ọdẹ kan lójú ọ̀nà Jobẹ̀lẹ̀ fún mi ní ọmọ ajá. Mo fún ìyàwó rẹ̀ ní àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà, a sì gbà pé ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Òun ló kéré jù nínú àwọn márùn-ún. Etí rẹ̀ kan nà ró, èkejì ò nà ró títí dòní. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kó lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ọdọọdún la sì ń padà lọ. Àwọn ará ọjà fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ajá ìbílẹ̀ ní káàdì, olówó rẹ̀ ò ní. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Inú itọ́ ajá ni àrùn yẹn ń bá wọlé, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára èèyàn, oògùn ò ràn án mọ́. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó gba ọsibítù lọ. Kó má lọ máa wá irun ajá tí yóò jó sí i. Mo yà bàrá díẹ̀, ẹ má bínú.

Ní àràárọ̀, Ẹ̀mí-ń-bẹ á sìn mí dé ibi tiransifọ́mà tó wà ní ìkóríta, á dúró, á wò mí títí n ó fi gun ọ̀kadà, á padà sílé. Tí mo bá ń bọ̀ lálẹ́, ibẹ̀ náà ni n ó ti bá a. Bí mo bá jókòó, á fi àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ mi, n ó sì máa ka ìṣirò ọjà fún un. Kò sí oníbàárà tó jẹ mí lówó tí ajá yẹn ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "ajá lásán", ẹ rọra o. Mo ti mọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé nǹkan wọ́n, pé èèyàn ò tíì jẹun yó ká tó sọ tajá. Ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ mo mọ ibi tí ìfura Bàbá tó rán lánńlọ́ọ̀dù sí mi ti wá, pé àwọn ni mo ń fi orúkọ ajá bá wí. Láyé àtijọ́, tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú èèyàn tí kò ṣeé sọ lójú orogún tàbí aládùúgbò, ajá ni wọ́n ń fi sọ. Wọ́n á sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, wọ́n á sọ ọ́ ní Ẹ̀yìnlàárò, wọ́n á sọ ọ́ ní Ṣetìẹ. Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa pariwo: "Ṣetìẹ! Ṣetìẹ, ò ń gbọ́? Wá jẹ ẹ̀kọ rẹ!" Ta ló fẹ́ bá a jà? Ajá rẹ̀ ló ń pè. Ẹni tọ́rọ̀ kàn á sì ti gbọ́ lórí ibùsùn. Ìyá bàbá mi fi ajá kan bá ìyáálé wọn jà fún ọdún mẹ́jọ báyìí, ìyáálé náà ló sì wá ń bọ́ ajá ọ̀hún nígbà tó darúgbó. Nítorí náà ìfura yé mi. Mo ní ó yé mi ni o, mi ò ní Bàbá jàre.

Ta ni Bàbá? Aládùúgbò wa ni, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ògiri kan ló là wá láàárín. Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì sì kan ìlù mi.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ lùlù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ìró gángan ló ń jí wa. Mo máa ń tẹ̀ lé àwọn onílù títí n ó fi sọnù, màmá mi á wá mi rí, wọ́n á fa etí mi: "Ṣé Àyàn ló bí ẹ ni?" Àyàn kọ́ ló bí mi. Mo gbàgbé rẹ̀, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo ń ta aṣọ. Lẹ́yìn iná yẹn ni mo bi ara mi pé kí ni mo tún ń dúró dè. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́mọ ọdún 47, mo lọ bá bàbá àgbà onílù kan, mo ní kí wọ́n gbẹ́ gángan kékeré fún mi, kí wọ́n sì kọ́ mi. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá aláṣọ, apá yín gbà á?" Mo ní ẹni tó ń gbé ìgàn àǹkárá, kí lapá rẹ̀ ò ní gbà.

Igi ọmọ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, awọ ewúrẹ́ lojú méjèèjì, ọṣán sì yí i ká. Ẹ máa gbé e há abíyá, ẹ máa fún ọṣán mọ́ra, ohùn á gòkè; tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, á sọ̀ kalẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń lu dò, re, mí bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Ẹ fún un mọ́ra ni mo wí, ẹ má fún un pa," ni ọ̀gá mi máa ń sọ. Ọwọ́ mi wú. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo máa ń gbé gángan sùn.

Ọjọ́ kan tí mo ń gbìyànjú lẹ́yìnkùlé, Bàbá na ọrùn lókè ògiri. "Ìyá aláṣọ, ọjà ò tà mọ́ ni? Ṣé alágbe lẹ wá fẹ́ dà lọ́jọ́ ogbó yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí àgbà ni wọ́n. Ó dùn mí wọ egungun.

Mi ò fi ìlù sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dán orúkọ ajá wò: Ẹ̀-mí-ń-bẹ. Dò mí mí re. Ẹ̀mí-ń-bẹ ń lé alángbá lẹ́yìn táǹkì omi. Mo tún lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ó dúró. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sáré wá, ó jókòó níwájú mi, ó ń wo ojú awọ bí ẹni pé inú ibẹ̀ ni mo wà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sọkún. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi ìlù sọ láyé mi, ẹ̀dá kan gbọ́ ọ, ó sì dáhùn. Látìgbà náà, bí mo bá ti dé láti ọjà, mo jẹun, mo wẹ̀, n ó gbé gángan, n ó pè é. Alaalẹ́.

Nígbà tó yá, àìsàn kọlu Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n lò tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì gbé wọn padà dé, ọwọ́ òsì ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Mo lọ kí wọn. Mo gbé ọsàn àti mílíìkì lọ. Wọ́n dá mi lóhùn bí ẹni tí ń dá òṣìṣẹ́ iná mànàmáná lóhùn. Mo rò pé àìsàn ló fà á.

Mo sọ gbogbo èyí fún lánńlọ́ọ̀dù. Mo ní ajá yìí ti ń jẹ́ Ẹ̀mí-ń-bẹ kí ara Bàbá tó ṣe é rárá, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi bú aláìsàn?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ìyá aláṣọ, orúkọ yẹn Bàbá ti lè gbójú fò ó. Ìlù yín ni wọn ò lè gbà. Wọ́n ní alaalẹ́ lẹ ń fi ìlù sọ̀rọ̀ sí àwọn lórí ibùsùn."

"Kí ni mò ń sọ?"

Ó wo ẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òkú ń lọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ jẹ́ á gbọ́! Mo sìn ín jáde, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilé parọ́rọ́, mo sọ gángan kalẹ̀ lára ìṣó, mo lù ú jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìka.

Ò-kú-ń-lọ. Dò mí mí re.

Ẹ lù ú wò fúnra yín, ẹ fi ẹnu lù ú. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Ìlù ò ní fáwẹ́lì, ohùn nìkan ló ní. Ẹ kì í fi í sọ ọ̀rọ̀ kúkurú, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fà á gùn, ẹ fi oríkì kún un, kí olùgbọ́ lè mọ ọ̀nà tó gbà." Wọ́n ní kí n máa lu "Ẹ̀mí ń bẹ, ìrètí ń bẹ". Mo lu èyí láàárọ̀ yìí. Ajá yẹn gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò mí, kò dìde. Kúkurú yẹn ló mọ̀. Òun ni mo fi kọ́ ọ.

Ó ku ohun kan tí mi ò sọ fún lánńlọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá pè mí ní alágbe yẹn, àràárọ̀ ni mo ń dúró sẹ́bàá ògiri wọn pe ajá mi, ajá tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ mi ló wà. "Ẹ̀mí-ń-bẹ! Ẹ̀mí-ń-bẹ o!" Mo fà á gùn. Mo mọ ibi tí fèrèsé iyàrá wọn wà. Màmá ilé wọn ti fèrèsé náà lọ́jọ́ kẹta. Inú mi sì dùn sí i. Ṣé ìyẹn wá sọ ajá mi di ajá òwe? Mi ò mọ̀. Ìyá mi ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe èébú.

Mo tún lu ìlù náà lálẹ́ àná kí n tó sùn, mo fẹ́ mọ ohun mìíràn tó tún lè máa sọ. Ìyá ń lọ. Dò mí mí re ni òun náà. Mo gbé gángan padà kọ́ ìṣó.

Mo fẹ́ lọ bá Bàbá láàárọ̀ yìí. Mo ti múra ohun tí n ó sọ, mo ti so gèlè. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo gbọ́ ohùn wọn, ọ̀rọ̀ ń fà díẹ̀ lẹ́nu wọn láti ìgbà àìsàn yẹn: "Bíńgò. Bíńgò, máa bọ̀." Mo yọjú. Orí àga ni wọ́n wà, eegun ẹran wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Ajá mi wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, ó ń ju ìrù.