Ta ló ní ọ̀rọ̀ atọ́kùn ò gbọdọ̀ gbẹ̀yìn gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì?

Lánàá ni ọmọ àbúrò mi gbé ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá hàn mí. Ó kọ "Where are you from?", olùkọ́ fi bírò pupa fà á, ó kọ "From where are you?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gé máàkì méjì. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn (preposition) ni wọ́n ń pe "from", "to", "at" àti irú wọn. Mo pe olùkọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, atọ́kùn kì í gbẹ̀yìn gbólóhùn, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ayé wo? Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, Faransé la ń rò, Gẹ̀ẹ́sì la ń kọ. Ẹni tó ti mọ "D'où viens-tu ?" (láti ibo lo ti wá?) àti "Avec qui ?" (pẹ̀lú ta?) lórí á rò pé gbogbo èdè ló ń ti atọ́kùn síwájú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá ṣáà ń sọ pé "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" "Ta" ti lọ síwájú, "bá" wà lẹ́yìn láìsí orúkọ ẹni kankan tó tẹ̀lé e, ìyá àgbà kankan ò sì sọ pé a ṣì í sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí òfin náà ti wá. Ní 1672, akéwì ará Ìlú Ọba kan, John Dryden, bu ẹnu àtẹ́ lu Ben Jonson, òǹkọ̀wé eré, pé ó ń fi atọ́kùn parí gbólóhùn. Jonson ti kú láti 1637, kò lè fèsì. Dryden ò sọ ìdí kankan. Ó tiẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun náà ń ṣe é, ó sì padà lọ tún ìwé tirẹ̀ kan ṣe. Robert Lowth, onígírámà kan, ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi òfin náà rù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó kọ sínú gírámà rẹ̀ ní 1762 ni pé èdè àwọn fẹ́ràn àṣà náà, pé ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Kí atọ́kùn ṣáájú ló kàn rí bí ohun tó yẹ ìwé tó wúwo jù. "Inclined to" ló sì fi sọ pé èdè àwọn fẹ́ràn rẹ̀, "to" gbẹ̀yìn gbalaja! Nígbà tó di 1926, Henry Fowler, tó kọ ìwé lórí ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, pe òfin náà ní ìgbàgbọ́ asán.

Ẹ pa ìtàn tì, ẹ gbìyànjú eléyìí: "He is being laughed at." Níbo lẹ fẹ́ gbé "at" yẹn sí? "At he is being laughed"? "The bed was slept in" ńkọ́? Kò síbi tó máa lọ.

Èmi náà gba òfin yìí gbọ́ rí. Mo gba Ìgòlò kọjá ẹnubodè sí Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà lọ ra páàtì ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ Íbò kan tí kò gbọ́ Yorùbá. Mo kó ara mi jọ, mo ní, "From whom do you buy these?" Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wá gbọ́. Ó bi mí bóyá kóòtù la wà.

Ó dáa, tó bá jẹ́ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba ni, ẹ kọ "to whom" yín, n ò ní bá yín jà.

Ṣùgbọ́n "Where are you from?" Máàkì méjì yẹn, mo fẹ́ kí olùkọ́ náà dá a padà fún ọmọ náà lọ́jọ́ Ajé.